Ẹrù Màmá Lójú Ọ̀nà Emùré

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ara mi ṣe rí láwọn ọdún wọ̀nyẹn, kí ó má wulẹ̀ bi dókítà. Ilé ìgbẹ́ ni kí ó bi. Ilé ìgbẹ́ mọ̀ mí ju ọkọ mi lọ, ó sì mọ ìgbà tí inú mi dùn àti ìgbà tí inú mi bàjẹ́, nítorí inú tí mò ń sọ yìí, inú gan-an ni.

Àkúrẹ́ la wà tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi, èmi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní jógíráfì. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ Èkìtì tó wà ní sẹkitéríàtì Àkúrẹ́ máa bọ̀ nílé. A jó, a yọ̀, a di ẹrù. Ìgbà tí a dé Adó, a ò rílé. Gbogbo ayé ló ń wá ilé ní Adó nígbà náà. Yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí lánàá, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn ún lónìí, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba wá háyà rẹ̀. Ọkọ mi wá ní kí a lọ máa gbé ní ilé bàbá òun ní Ìṣẹ́, òun á máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Adó láràárọ̀, èmi á sì máa kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà níbẹ̀. Báyìí ni èmi, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí kò ní sùúrù, ṣe di ẹni tó ń bá ìyá ọkọ gbé.

Màmá ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbà pé òun ló mọ ohun tó dára fún gbogbo ènìyàn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nípa ara mi. Ilé ọ̀hún kò sì tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Àìsàn tèmi ti bẹ̀rẹ̀ láti Àkúrẹ́. Inú á rún mi, màá sáré, ẹ̀jẹ̀ á bá a wá. Kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún tí kò mọ̀ ọ́n. Láàárín wa níbí, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti bá ìgbẹ́ jáde, ẹjọ́ ti parí: jẹ̀díjẹ̀dí ni, ohun dídùn ló sì jẹ̀bi. Wọ́n ní kí n fi ṣúgà sílẹ̀, mo fi í sílẹ̀. Wọ́n ní kí n fi mílíìkì àti ẹ̀pà sílẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀. Agbo jẹ̀dí tí mo mu, tí wọ́n bá dà á pọ̀, ewúrẹ́ kan á lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Inú kò gbọ́. Ìgbà tó yá, ọkọ mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti fi rọ́bà gígùn kan tó ní iná lẹ́nu wo ìfun mi láti ìdí. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rọ́bà náà.

Dókítà Ìbàdàn ní kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ó ní ìfun ńlá mi ló wú, tó ń ta egbò, pé ara mi fúnra rẹ̀ ló ń bá ìfun ọ̀hún jà bí ẹni pé àjèjì ni. Ó ní àìsàn tó máa ń sùn tó sì máa ń jí ni; tó bá sùn, kí n dúpẹ́, tó bá jí, kí n lo oògùn kí n sì má bẹ̀rù. Ó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn kún un nípa ẹ̀jẹ̀ àti ọkàn, ṣùgbọ́n inú ń rún mi, ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́ wọn ni ojú mi wà. Ọkọ mi ló gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbí yìí, nítorí n kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó.

Ọdún kejì tí a dé Ìṣẹ́ ni àìsàn náà jí, ó sì jí bí ẹni tó sùn yó. Màmá ní kí n lọ dùbúlẹ̀. Ní ilé Màmá, aláìsàn kì í dìde. Tí mo bá mú ìgbálẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ mi. Tí mo bá lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní, “Ùyàwó mi, padà sórí ẹní. Ara tó ń ṣàìsàn, ùsinmi ló fẹ́.” Oúnjẹ á bá mi lórí ibùsùn, omi ìwẹ̀ á bá mi nínú yàrá. Àwọn ará àdúgbò ń wá kí i pé ó mà kúuṣẹ́ o, ìyá ọkọ tó ń tọ́jú ìyàwó bí ọmọ tuntun. Lóòótọ́ ló tọ́jú mi. Ilé ìgbẹ́ nìkan ni ibi tó gbà kí n fi ẹsẹ̀ ara mi lọ, ìyẹn náà nítorí pé kò lè bá mi lọ ọ́.

Mo dùbúlẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ẹsẹ̀ òsì mi ti wú. Ọ̀tún wà bó ṣe wà, òsì nìkan ló wú, láti ojúgun dé orúnkún, ó gbóná, ó sì ń dùn mí bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó. Mo pe Màmá. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní atẹ́gùn ló kó sí i, pé òrí àti omi gbóná á lé e jáde. Ó ránṣẹ́ pe obìnrin kan ní ẹ̀yìnkùlé wa tí gbogbo Ìṣẹ́ mọ̀ sí ẹni tó mọ ẹsẹ̀ wọ́.

Obìnrin náà dé. Apá rẹ̀ tóbi ju itan mi lọ. Òun ní tirẹ̀ kò gbà pé atẹ́gùn ni. Ó ní nǹkan ni mo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá bi í pé níbo ni ẹni tí òun ò jẹ́ kí ó dìde ti rí nǹkan tẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí, èmi sì wà láàárín wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó yá, wọ́n fẹnu kò pé ohun yòówù kó jẹ́, òrí náà ni oògùn rẹ̀. Màmá gbé agolo òrí rẹ̀ jáde. Gbogbo wa la mọ agolo náà nílé: agolo mílíìkì àtijọ́ kan ni, ewúrẹ́ kan ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rí, ẹnu rẹ̀ kò sì gún mọ́ láti ìgbà náà.

Obìnrin náà bu òrí, ó fi ra ọwọ́ méjèèjì, ó di ojúgun mi mú. Inú mi bá rún. Mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi mí sílẹ̀,” mo fi ẹsẹ̀ kan tiro jáde. Mo padà wá. Ó bu òrí mìíràn, ó na ọwọ́, inú tún pè mí. Mo tún tiro jáde. Bí mo ṣe ń dé ni ó ń bu òrí, bí ó bá ṣe ń bu òrí ni inú ń ké sí mi. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ó bínú, ó ní, “Ṣé ẹsẹ̀ yìí kò fẹ́ kí n kan òun ni?” Màmá ní kí ó ní sùúrù, pé nígbà tí inú bá ṣófo tán, ẹsẹ̀ á rójú.

Inú ò tíì ṣófo tán nígbà tí ọkọ mi wọlé. Iná ti lọ ní ọ́fíìsì wọn ní Adó, wọ́n sì ní kí kálukú máa lọ sílé. Ó rí ẹsẹ̀ mi, ó rí ọwọ́ obìnrin náà tó ń kọ mànà fún òrí, ó ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án.” Ọkọ mi jẹ́ ẹni tó máa ń bẹ bọ́ọ̀sì kí ó tó wọ̀ ọ́. Mi ò gbọ́ kí ó gbóhùn sókè sí ìyá rẹ̀ rí, mi ò sì tún gbọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ní dókítà Ìbàdàn ti sọ fún òun pé tí ẹsẹ̀ kan bá wú lára ẹni tó ní irú àìsàn yìí, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ. Ó lọ pe ẹni tó ní mọ́tò. Màmá mú ìborùn, ó ní òun ń bá wa lọ.

Dókítà tó rí wa ní Adó kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ mi, ó fi téépù wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nígbà tó yá ó wá jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní àìsàn inú tí mo ní kì í dúró sínú nìkan. Nígbà tí ìfun bá ń gbóná bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara á gbọ́ nípa rẹ̀, á máa tètè dì. Ó lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀. Ó lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn tàbí ti ọpọlọ, kódà lára ẹni tí kò sanra, tí kò fa sìgá, tí kò tíì dàgbà. Ó wá ní àìdìde lórí ibùsùn tún ń bu epo sí iná, nítorí ẹsẹ̀ tó ń rìn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ẹ̀jẹ̀ dídì kan ló wà nínú ẹsẹ̀ òsì mi.

Ọkọ mi bi í pé tí wọ́n bá ti wọ́ ọ ńkọ́?

Dókítà ní, “Ó lè já kúrò níbi tó wà, sà. Á gba inú ọkàn kọjá, á lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹlòmíràn á kàn máa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni, á dákẹ́.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn wò mí. Kí ni ǹ bá ṣe? Inú tó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ yìí wá, tí mo ti ṣépè fún lédè Ìkẹ́rẹ́ àti lédè Gẹ̀ẹ́sì, òun ló gbé mi sá kúrò lọ́wọ́ obìnrin alápá ńlá. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún dókítà, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì rí ibi tí ìgbẹ́ gbuuru ti gba ẹ̀mí là rí.

Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìdí ìborùn rẹ̀ nu ojú, ó ní, “Dókítà, ẹ dákun. Ẹsẹ̀ tó bá wú lẹ́yìn ùbímọ ńkọ́? Ṣé bákan náà ni?”

Dókítà ní bákan náà ni, Màmá, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà lára àwọn tó máa ń ṣe jù. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láti Adó dé Ìṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan nínú mọ́tò, èmi sì rò pé ojú ń tì í nítorí òrí.

Wọ́n dá mi dúró sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tó jẹ́ kí n padà sílé, wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn, lẹ́yìn náà wọ́n fún mi ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wọ́n sì tún oògùn inú mi ṣe kí ìfun lè sinmi. Dókítà ní kí n má fi agbo kankan dàpọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ̀fọ́ tí mò ń jẹ má pọ̀ jù lónìí kí ó má sì wọ́n jù lọ́la, nítorí ẹ̀fọ́ máa ń bá oògùn náà ṣe awuyewuye. Kí n mu omi dáadáa. Lékè gbogbo rẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti fúyẹ́, kí n máa rìn lójoojúmọ́, ìrìn tó jẹ́ ìrìn, kì í ṣe láti yàrá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní tí ẹ̀jẹ̀ yìí bá tún dì lẹ́ẹ̀kejì, òun ò lè ṣèlérí ibi tó máa lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ní ọmọ kékeré méjì nílé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá gbé Èkó lè rìn lójú títì láìsí ẹni tó máa bi í ní nǹkan kan. Ìṣẹ́ kọ́. Ní Ìṣẹ́, ẹni tó ń rìn ń lọ síbì kan. Tó bá ń lọ sóko, àdá á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ń lọ sọ́jà, igbá á wà lórí rẹ̀. Tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ojú rẹ̀ á fi hàn. Èmi kò mú nǹkan kan dání. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, màá wọ sálúbàtà, màá forí lé ọ̀nà Emùré, ilé kọ̀ọ̀kan á sì ké sí mi: “Tíṣà, ṣé kò sí? Níbo lẹ ń lọ?” Màá ní, “Mò ń rìn ni.” Wọ́n á ní, “Ẹ ń rìn lọ síbo?” Màá ní, “Kò síbì kan.” Wọ́n á dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ò dáa.

Àwọn ọlọ́kadà burú jù. Tíṣà ọmọ wọn tàbí tíṣà tiwọn fúnra wọn nígbà kan ni mí, wọn ò sì lè rí tíṣà kí ó máa fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n á dúró, wọ́n á ní kí n gùn ún, pé àwọn ò gba nǹkan kan. Tí mo bá kọ̀, ojú wọn á rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni pé mo ní ọ̀kadà wọn ń rùn. Mo gun ọ̀kan lọ́jọ́ kan nítorí pé ojú ń tì mí, ó gbé mi padà sí ẹnu ọ̀nà ilé wa. Mo dúpẹ́, mo dúró kí ó lọ tán, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ ni àwọn ìyá ìjọ wa wá sílé, àwọn àgbà obìnrin mẹ́ta tí wọ́n wé gèlè ọjọ́ Àìkú láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n pe èmi àti ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. A ní kí ni ẹ gbọ́? Wọ́n ní ilé tó gún régé náà ní ìjà tirẹ̀, pé kò yẹ kí ìyàwó ilé máa rìn lójú títì ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tó fẹ́ padà sí Ìkẹ́rẹ́ tí kò rí ọkọ̀. Wọ́n ní kí ọkọ mi bẹ̀ mí. Ọkọ mi, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n máà bínú. Ẹ̀rín ló ń pa á nílẹ̀ níbẹ̀. Inú bí mi dé góńgó. Mo ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀, mo ṣàlàyé iṣan, mo ṣàlàyé ìfun, ìyá kan ní, “Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú ló wà ńlẹ̀, kí ló wá kan ẹsẹ̀?” Wọ́n gbàdúrà fún wa pé kí Ọlọ́run dá ìfẹ́ padà. Wọ́n lọ.

Mo ní mi ò rìn mọ́. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́. Mo ní kí ẹ̀jẹ̀ dì tó bá fẹ́ dì, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ nínú ìlú yín. Ọkọ mi bẹ̀ mí, ó bẹ̀ mí lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò gbọ́. Ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá, mi ò jáde. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo díẹ̀díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Màmá kò dá sí i. Láti ọjọ́ tí a ti ti Adó dé, kò tún sọ pé kí n lọ dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń to ìwé àwọn ọmọ, ó jáde wá pẹ̀lú ẹrù kékeré kan tó dì sínú àkísà ìró. Ó ní, “Ùyàwó mi, mo fẹ́ rán ọ ní uṣẹ́.”

Àbúrò Màmá, tí a ń pè ní Màmá Kékeré, ń gbé ní ìpẹ̀kun Ìṣẹ́, níbi tí ilé ti ń tán tí oko kòkó ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Emùré. Ó jìn. Màmá ní kí n gbé ẹrù yìí fún un, pé kí n má tú u, pé ẹrù àgbà ni. Kí n má sì gun ọ̀kadà, pé ohun tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ gbọ̀n. Kí ni kí n sọ? Ìyá ọkọ rán ni níṣẹ́, ìyàwó wo ló máa ní òun ò lọ? Mo dìde, mo ń kùn, mo lọ.

“Tíṣà, níbo?”

“Màmá ló rán mi sí Màmá Kékeré.”

“Ẹ kúuṣẹ́ o. Ẹ bá wa kí wọn.”

Ó parí síbẹ̀. Ilé kejì bi mí, mo fún wọn ní èsì kan náà, ara wọn balẹ̀. Ọlọ́kadà dúró, mo fi ẹrù hàn án, mo ní kò fẹ́ gbọ̀n, ó ní ẹ rọra o, Tíṣà, ó lọ. Màmá Kékeré jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó gba ẹrù náà, ó gbé e wọlé láìtú u, ó bu omi fún mi mu, ó sì dúró kí n mu ún tán. Ó ní, “Kí ọ sọ fún un pé mo rí i.”

Lọ́jọ́ kejì Màmá ní kí n lọ gba ẹrù náà wá. Lọ́jọ́ kẹta ó ní kí n gbé e lọ. Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ, ẹrù yẹn ń lọ, ẹrù yẹn ń bọ̀. Mo bi ọkọ mi pé kí ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí ń fi ránṣẹ́ síra wọn ná. Ó ní òun ò mọ̀, pé láti kékeré òun làwọn méjèèjì ti máa ń ṣe ọ̀rọ̀ bòńkẹ́lẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Mo ti mọ gbogbo ajá ojú ọ̀nà náà. Mo mọ ilé tí wọ́n ti ń gúnyán ní ìrọ̀lẹ́, mo sì mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń tutù nígbà tí oko kòkó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi fúyẹ́. Inú náà sùn padà, oògùn ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ní Adó, dókítà gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, ó wọn ìfúnpá mi, ó ní inú òun dùn, ó bi mí pé báwo ni mo ṣe ń rántí láti máa rìn lójoojúmọ́, nítorí àwọn aláìsàn òun kì í rántí. Mo ní, “Wọ́n ń rán mi níṣẹ́ ni.”

Àkókò ọyẹ́ ni àkísà náà já. Mo ti rìn dé ẹ̀bá oko kòkó nígbà tí ìdí rẹ̀ ya, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, tó yí gbirigbiri lọ sẹ́bàá ọ̀nà. Mo lọ mú un. Agolo mílíìkì àtijọ́ ni, ẹnu rẹ̀ kò gún. Òrí Màmá ni.

Mo dúró síbẹ̀, mo yí agolo náà sọ́tùn-ún sósì. Kò sí ẹrù kankan! Ìyá arúgbó méjì ti fi mí ṣe ẹrú agolo òrí, èmi tí mo gboyè ní yunifásítì, láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé, gbogbo ọ̀nà Emùré sì ń kí mi kúuṣẹ́. Mo fi ìbínú rìn dé ọ̀dọ̀ Màmá Kékeré, mi ò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé agolo náà kalẹ̀ sórí ẹ̀gúsí rẹ̀, mo ní, “Màmá Kékeré, ẹ jọ̀wọ́, kí ni mò ń gbé?”

Ó wo agolo, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n jókòó. Ẹ̀rín náà wá tán lójú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan rí, tó kú lẹ́yìn ìbímọ. Wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé, èmi náà kì í béèrè. Màmá Kékeré ní, “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú. Ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n mi fi omi gbóná àti òrí wọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀, ó fi ìfẹ́ wọ́ ọ. Ọmọ náà ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó ń sọ pé, Yèyé, ó ti ń fúyẹ́. Ló bá dákẹ́. Gbogbo wa sọ pé ikú abiyamọ ni. Ọjọ́ tí ó ti Adó dé ló wá síbí, ó ní dókítà ti sọ ohun tó pa ọmọ òun fún òun.”

Mo gbé agolo náà kúrò lórí ẹ̀gúsí rẹ̀.

“Agolo yìí ló mú wá lọ́jọ́ náà,” ni Màmá Kékeré ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ó ní òun ò fẹ́ rí i nínú ulé mọ́. Mo ní kí ó jù ú nù. Ó ní òun ò lè jù ú nù. Ó gbé e padà. Nígbà tí ọ kọ̀ láti rìn, ó tún wá, ó ní òun ti mọ ohun tí òun máa fi í ṣe. Ó ní bí ọ bá jókòó, ọ máa kú. Kí n má jẹ́ kí ọ mọ̀, kí n kàn máa gbà á, kí n máa dá a padà.”

Mo sunkún níwájú ilé Màmá Kékeré, àwọn tó ń kọjá sì rí mi. Ó dá mi lójú pé àwọn ìyá ìjọ gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó yá, Màmá Kékeré wá àkísà mìíràn fún mi, mo di agolo náà, mo fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo dé. Ó ní, “Ṣé ọ bá a nílé?”

Mo kúnlẹ̀. Èmi kì í sábà kúnlẹ̀ dáadáa. Mo kúnlẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, “Mo bá wọn, Màmá. Wọ́n ní kí n wá gbà á lọ́la.”

Mo lọ gbà á lọ́jọ́ kejì. Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, ó rí i pé àkísà ti yí padà, ó fọwọ́ tọ́ ìdí rẹ̀ wò. Ó ní, “Ta ló di èyí?”

“Èmi ni, Màmá.”

Ó tú ìdí náà, kò wo inú rẹ̀, ó tún un dì, ó fi eyín fà á le. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Máa dì í kí ó le. Ọ̀nà rẹ jìn.”

A ò sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi lọ. Ó dàgbà gan-an kí ó tó lọ, oorun ló sùn tí kò jí, Màmá Kékeré sì tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ mi ti kúrò nílé. Ìfun mi ṣì máa ń jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ti mọ ara wa débi pé a kì í bára wa jà pẹ́. Dókítà mìíràn ló ń gbọ́ ọkàn mi báyìí, kò sì tíì rí ohun tó máa sọ sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, mò ń wọ sálúbàtà, mò ń mú agolo náà nínú ìró Màmá, mò ń lọ títí dé ibi tí oko kòkó ti bẹ̀rẹ̀, mò ń padà.

Àwọn ọmọ tí n kò kọ́ ní jógíráfì ló ń gun ọ̀kadà níbẹ̀ nísinsìnyí. Wọ́n á dúró, wọ́n á ní, “Màmá, níbo lẹ ń lọ? Ẹ jẹ́ kí n gbé yín.”

Màá fi ẹrù mi hàn wọ́n. Màá ní, “Rárá, ọmọ mi. Ìyá ọkọ mi ló rán mi níṣẹ́.”